Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Agolo Láti Jámánì

Bí ẹ bá wọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí ẹ ń béèrè Adéníran Kọ́lájọ, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ ronú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń wá, kò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ tí á fi nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ ọmọ àwọn ọmọ náà, kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í gbàgbé ohùn rẹ̀: "Ka ohun tó wà níbẹ̀! Má ka ohun tó wà nínú rẹ!" Ọmọ tó bá ń méfò á pàdé pàṣán. Nígbà tó fẹ̀yìn tì náà, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí akọ̀wé ìjọ bá ń ka ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pè, ẹ ó gbọ́ ikọ́ láti iwájú, gbogbo ìjọ á sì mọ̀ pé Tíṣà ló wúkọ́, àti pé kì í ṣe òtútù ló mú un.

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́fẹ́, Oyèbísí, kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Adébóyè, ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, Tíṣà fẹ́ Zipporah, aránṣọ kan láti Ọ̀rà tí ohùn rẹ̀ dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nítorí pé ó bá Adébóyè nílé ọkọ, Zipporah kò pè é lórúkọ rí. Akọ̀wé ló sọ ọ́. "Akọ̀wé, ọkọ mi, oúnjẹ ti délẹ̀ o." Bó ṣe ń pè é nìyẹn títí ọmọ náà fi hu irùngbọ̀n, títí òun náà fi bí Dámisọ́lá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn báyìí. Àwọn ará àdúgbò tí kò mọ ìtàn wọn rò pé òun ló bí Adébóyè.

Adébóyè lọ sí Jámánì. Iṣẹ́ tó rí níbẹ̀ ya bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Bí àgbàlagbà kan bá kú nílùú náà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ráyè, tàbí tí kò bímọ, wọ́n á pe àwọn Adébóyè pé kí wọ́n wá palẹ̀ ilé mọ́. Ibùsùn, ìkòkò, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó dànù.

"Àwòrán ìgbéyàwó wọn ńkọ́?" Tíṣà bi í lórí fóònù.

"A ń kó ìyẹn náà dànù, Bàbá."

"Háà!"

Adébóyè kì í fẹ́ kí ohun gidi ṣòfò. Èyí tó bá dára nínú ẹrù náà, á kó o sínú àgbá, á fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà dé nígbà tí ọdún Ìsinró, ọdún ìbílẹ̀ Ìlá, kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Tíṣà àti Zipporah tú u sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí kúbùsù kan tó rọ̀ bí òwú, tí Adébóyè rà fún Zipporah ní tuntun. Wọ́n rí ìkòkò, wọ́n rí àwo tánganran. Nínú korobá onírin kan tó ní ìdérí, wọ́n bá agolo kan. Wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi báírò kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sí i. Zipporah gbé e fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dámisọ́lá, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Tíṣà fi awò sójú.

"Gift," ni ó wí. "Ẹ̀bùn. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni."

Zipporah ṣí i. Àlìkámà ló kún un dẹ́nu, ó pọ́n bí ohun tí wọ́n fi osùn pa.

Ó ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá obìnrin yìí fínra. Dókítà ti gba iyán lẹ́nu rẹ̀, ó ní kó máa ro àlìkámà jẹ. Gbogbo ilé ló mọ̀. Adébóyè kò sì lè pe ilé kó má béèrè pé, "Màmá, ṣé àlìkámà yín kò tíì tán?" Nítorí náà, nígbà tí Zipporah rí àlìkámà nínú agolo tí wọ́n kọ ẹ̀bùn sí lára, kí ló tún kù tó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni? Ó fò sókè. Ó gbé fóònù, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Jámánì: "Akọ̀wé, ọkọ mi, mo rí ẹ̀bùn rẹ gbà o. Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ."

Kúbùsù ni Adébóyè rò pé ó ń dúpẹ́ lé lórí. Òun náà gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀: "Màmá, kò tó nǹkan. Ẹ máa lò ó dáadáa o."

Zipporah fọ àlìkámà náà. Omi rẹ̀ pọ́n. Ó dà á nù, ó tún un fọ̀, ó ní bóyá bí ti òyìnbó ṣe rí nìyẹn, bóyá nǹkan tí wọ́n fi ń lé kòkòrò ni. Ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó jẹ. Tíṣà kò fẹnu kàn án. Ọmọ Ìgbómìnà ni, iyán ni tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lẹ́rìgì obìnrin náà bó bá ń run orín. Ó ní orín ló le. Ara rẹ̀ ń dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù, kò sì sí ẹni tó lù ú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn akọrin dìde, orin gbòde, àfi bí ohùn Zipporah ṣe já lójijì. Tíṣà gbójú sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní ihò imú méjèèjì ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣàn sára aṣọ funfun, obìnrin náà sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Igbe ta. Babáyẹmí, aládùúgbò wọn, tó jẹ́ náìtì nínú ìjọ, sáré wá tòun ti aṣọ oyè rẹ̀, ó gbé e sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn.

"Kí ló jẹ tí kì í jẹ tẹ́lẹ̀?" ni dókítà bi Tíṣà.

"Kò jẹ nǹkan kan, àfi àlìkámà tí ọmọ wa fi ta á lọ́rẹ láti Jámánì."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Babáyẹmí lọ gbé agolo náà wá. Dókítà wo ìwọ̀nba tó kù nídìí rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí Tíṣà pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì jẹ́ ìpè tí wọ́n lè fi rí ojú ara wọn.

Adébóyè gbé fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o!"

"Adébóyè, àlìkámà wo lo fi ránṣẹ́?"

"Àlìkámà kẹ̀? N ò fi àlìkámà ránṣẹ́, Bàbá."

Tíṣà gbé agolo síwájú fóònù, ó yí i kí ọmọ náà lè rí ara rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Adébóyè.

"Bàbá," ló wí, "ta ló jẹ ẹ́?"

"Màmá rẹ ló ń jẹ ẹ́."

"Yéè! Bàbá, májèlé ni! Májèlé eku ni! Ẹ ò rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i lára ni?"

"Gift ni wọ́n kọ sí i lára."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Gift! Ohun tí wọ́n ń pe májèlé níbí nìyẹn!"

Dókítà já fóònù gbà, ó ń bi Adébóyè ní ìbéèrè lé ìbéèrè. Tíṣà kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, agolo wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Hadassah, tí Tíṣà ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ rí, wá gbé e dìde, ó sì bá a tó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń pè wọ́n sókè bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. "Jíì. Áì. Ẹ́fù. Tíì." Ó dé ìparí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde," ni Hadassah ń wí. "Ilẹ̀ tutù."

"Mo kà á dáadáa," ni Tíṣà ń dá a lóhùn. "Hadassah, n ò ṣì í kà. Mo kà á dáadáa."

Orí ló kó Zipporah yọ. Irú májèlé náà ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ bí dókítà bá tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Tíṣà jókòó tì í, kò lè wo ojú rẹ̀. Òun ló kà á fún un. Bí ó bá jẹ́ pé púrúǹtù ni, bí ó bá ti ní "n ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀," bóyá wọn ì bá béèrè lọ́wọ́ Adébóyè.

Lẹ́yìn èyí ni Ajíbọ́lá dé láti Ọ̀rà. Àbúrò Zipporah ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọlọ́kadà tó gbé e kò tíì dúró tán tó ti bẹ́ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó gbọ́ pé májèlé ni, ó gbọ́ pé láti ọwọ́ Adébóyè ló ti wá. Ó gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó wá ohun tí Adébóyè sọ sí i rí, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ náà jáde gbangba sínú yàrá: "Màmá, kò tó nǹkan. Ẹ máa lò ó dáadáa o."

Ẹ̀rù ba Tíṣà. Ó ti gbọ́ ohùn náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti rẹ́rìn-ín sí i.

"Tíṣà, àna mi," ni Ajíbọ́lá wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dìde ná. A ó wá sọ̀rọ̀ nílé yín. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá wọ̀ mí létí, àgọ́ ọlọ́pàá ni màá gbà lọ sílé."

Láàárín ìgbà tí Zipporah fi wà lórí ibùsùn, Tíṣà kò yé pe Adébóyè. Kì í ṣe pé ó fura sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni kò jẹ́ kó sùn. Báwo ni Gift ṣe lè jẹ́ ẹ̀bùn níhìn-ín kó jẹ́ májèlé lọ́hùn-ún? Adébóyè lọ bá obìnrin tó kọ́ ọ ní èdè Jámánì, ó béèrè, ó sì ń sọ fún bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyàlẹ́nu ńlá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún Tíṣà.

Lọ́jọ́ tí Ajíbọ́lá wá, Zipporah ti padà sílé, ó jókòó nínú àga, aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Babáyẹmí wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Tíṣà ní kí Ajíbọ́lá gbọ́ òun.

"Ajíbọ́lá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní give, àwọn Jámánì ń pè é ní geben. Fífún ni ní nǹkan ni méjèèjì. Gift jáde láti ibẹ̀: ohun tí a fún ni. Nígbà láéláé, ẹ̀bùn ni ní Jámánì náà. Nígbà tó yá, wọ́n ń pe ìwọ̀n oògùn tí oníṣègùn fún aláìsàn bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n ń fi pe èyí tí ọ̀tá fún ni, torí pé wọn kò fẹ́ fi ẹnu ara wọn dárúkọ ohun búburú. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, májèlé nìkan ló kù. Títí di òní, ohun tí ìyàwó bá kó láti ilé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ, Mitgift ni wọ́n ń pè é. Gift náà wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe májèlé. Arúgbó tó ni agolo yìí kọ májèlé sí i kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́. Ó kú. Adébóyè kó korobá rẹ̀, kò ṣí i wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Tíṣà," ni Ajíbọ́lá dáhùn, "ìwé lẹ ń kà fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Ọmọ yín sọ pé kó máa lò ó."

"Kúbùsù ló ń sọ! Bó bá jẹ́ àlìkámà ni, yóò ní kó máa jẹ ẹ́. Ta ló ń lo oúnjẹ?"

"Oògùn ni a ń lò!" Ajíbọ́lá dìde dúró, ohùn rẹ̀ gba ilé kan. "Gbogbo yín mọ ẹni tó ń jẹ àlìkámà nílé yìí! Ẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bò mí lójú! Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ! Mo ní wọ́n fún un jẹ!"

Tíṣà la ẹnu láti fèsì, àfi bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo Ajíbọ́lá bí ẹni tó rí àǹjọ̀nú.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní wọ́n fún un jẹ!"

"Kí ni wọ́n fún un jẹ?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Babáyẹmí mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ kò dárúkọ rẹ̀, Ajíbọ́lá. Fún ni ìwọ náà wí. O fi fún pe májèlé, gbogbo wa sì gbọ́ ọ yé." Tíṣà yọ awò lójú. "Gbogbo ayé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n fún lágbájá jẹ. N kò fetí sí i rí."

Babáyẹmí ṣí fìlà, ó tún un dé. Ajíbọ́lá dúró, ẹnu rẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀wò láìsí ohùn: fún un jẹ, fún un jẹ. Ó jókòó wẹ́rẹ́.

Zipporah ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò.

"Ajíbọ́lá, o ṣeun tó o ń jà fún mi. Ṣùgbọ́n mo tọ́ ọmọ yẹn. Bó bá fẹ́ pa mí, ṣé á kọ ọ́ sára agolo kó tó fi ránṣẹ́? Ta ló ń kọ́kọ́ kéde kó tó fún ni jẹ?"

Ajíbọ́lá kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Fún Tíṣà, kò parí. Bí ẹni tí ilẹ̀ ti yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lè tẹ ilẹ̀ kankan mọ́ láìbi í wò. Ó ní kí Adébóyè máa wá irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ohun tí ọmọ náà ń rí mú kó pariwo débi pé Zipporah a máa sá wọlé wá wò ó. Starve, tó ti kọ́ gbogbo Ìlá pé ebi ló ń pa ni bẹ́ẹ̀, ikú lásán ni tẹ́lẹ̀, ikú irúkírú, sterben sì ni ní Jámánì, kíkú náà ni, kò sí ọ̀rọ̀ ebi níbẹ̀. Deer, àgbọ̀nrín, ẹranko gbogbo ni tẹ́lẹ̀. Tier ni àwọn Jámánì ń pe ẹranko títí di òní. Town, tó jẹ́ ìlú, ọgbà tí a sọ yíká ni. Zaun sì ni ọgbà wọn. Èyí tó dùn ún jù ni silly, òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi máa ń bú ọmọ tó bá ṣìwé, "ẹni ìbùkún" ni ìtumọ̀ rẹ̀ láéláé, bí selig ti àwọn Jámánì ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ó ka iye ọmọ tó ti fi ọ̀rọ̀ náà bú, kò lè kà wọ́n tán, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ó sọ fún Babáyẹmí pé knight, oyè ìjọ tó fi ń ṣakọ, ọmọ ọ̀dọ̀ ni tẹ́lẹ̀, àti pé Knecht tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jámánì ṣì ń jẹ́ ìránṣẹ́. Ó gba Babáyẹmí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún ki Tíṣà dáadáa.

Hadassah náà ń kọ́ èdè Jámánì, torí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó máa ń yà wá lọ́sàn-án kí àwọn méjèèjì jọ kà á. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé á gbọ́ ohùn Tíṣà lókè. Kò ní "ka ohun tó wà níbẹ̀" mọ́. Ohun tó ń wí báyìí ni, "Béèrè! Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín!"

Nígbà tí Ìsinró ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Adébóyè wá sílé. Kò tíì gbé ẹrù sílẹ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú Zipporah nínú eruku, kò sì dìde. Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Màmá, mi ò ṣí i wò. Mi ò ṣí i wò."

"Akọ̀wé, ọkọ mi, dìde," ni Zipporah wí. "Aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Ó fà á lápá. Nígbà tí kò dìde, òun náà jókòó tì í nínú eruku.

Ajíbọ́lá wá kí Adébóyè lọ́jọ́ kejì. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bi í nípa ọ̀nà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní òun ti jẹun láti Ọ̀rà wá, ó sì fa omi inú ọ̀rá kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà lójú ọ̀nà jáde nínú àpò, ó fi eyín já a, ó ń mu ún. Gbogbo ilé rí i. Kò sẹ́ni tó bi í.